Àwo Tí Aláàfin Aólẹ̀ Fọ́ Mọ́lẹ̀

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, bí àwọn àgbà bá jókòó tí ọ̀rọ̀ ìyapa àwọn ọmọ Yorùbá bá délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi mi orí, tí yóò sì wí pé, "Èpè Aólẹ̀ ni." Àwa tí a dàgbà ní sàkání Ọjà Igbó ti gbọ́ gbólóhùn náà títí ó fi mọ́ wa létí. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá pín sí méjì, èpè Aólẹ̀ ni. Bí ìlú méjì tí ó múlé ti ara wọn bá ń jà nítorí ilẹ̀, èpè Aólẹ̀ ni. Bí ọmọ bá kọ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ tí baba rán an, èpè Aólẹ̀ náà ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé orí èpè, àròyé parí nìyẹn, nítorí ta ni yóò bá ọba tí ó ti wàjà láti ohun tí ó lé ní igba ọdún jiyàn?

Ohun èlò kan ni ó wà ní ìdí ìtàn yìí. Àwo amọ̀ kan ni, tí ọba gbé sókè tí ó sì là mọ́lẹ̀ ní àgbàlá ààfin Ọ̀yọ́-Ilé ní nǹkan bí ọdún 1796. Àwo náà ti di àpáàdì láti ọjọ́ náà, síbẹ̀ a ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà ní odindi lọ. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò bí òpìtàn ti í yẹ nǹkan wò: ta ni ó fọ́ ọ, kí ni ó mú un fọ́ ọ, kí ni ó ti fọ́ ṣáájú rẹ̀, àti bóyá lóòótọ́ ni ohun tí ó fọ́ ní ọjọ́ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ọba Tí A Kò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ẹni tí ó sọ ìtàn yìí fún wa jù lọ ni Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀. Lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ni òun pàápàá ti gbọ́ ọ.

Aólẹ̀ gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1789, lẹ́yìn ikú Aláàfin Abíọ́dún. Ìtẹ́ tí ó jogún kì í ṣe ìtẹ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣáájú Abíọ́dún, Baṣọ̀run Gáà ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn Aláàfin, a sì sọ ọ́ pé ọba mẹ́rin ni ó ṣègbé lọ́wọ́ rẹ̀ kí Abíọ́dún tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1774. Abíọ́dún ṣẹ́gun Gáà, ìlú sì rọ̀ lákòókò rẹ̀, ṣùgbọ́n àpá tí Gáà dá sára ipò ọba kò san. Àwọn ìjòyè ti rí i pé ọba ṣeé fọwọ́ tì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ti rí ìhòòhò baba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè bẹ̀rù rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí ó fi èyí hàn gbangba. Wọ́n kó ẹrù oníṣòwò Hausa kan ní Ọ̀yọ́, ìwé Kùránì rẹ̀ sì bá àwọn ẹrù náà lọ. Ọkùnrin náà ké gbàjarè lọ sọ́dọ̀ ọba. Aólẹ̀ pàṣẹ pé kí a wá gbogbo ẹrù náà jáde, pàápàá jù lọ ìwé náà. Baṣọ̀run Àṣàmú dáhùn pé a kò rí i. Ọba bínú gidigidi. Ó bèèrè bóyá ó ti wá dé ojú rẹ̀ pé òun yóò pàṣẹ nínú ìlú òun, a kò sì ní mú un ṣẹ. Aláṣẹ èkejì òrìṣà ni a ń pe ọba ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó bá wá di pé ọba pàṣẹ kí a wá ìwé kan, tí a sì wí fún un pé ìwé kò sí, kí ni ó kù nínú àṣẹ náà? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ó ṣẹlẹ̀ kí ọba tó fọwọ́ kan àwo kankan.

Ọ̀ràn Ọjà Àpòmù

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà ní Àpòmù. Ọjà ńlá ni Àpòmù nígbà náà, ní ilẹ̀ Ifẹ̀, níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí ni gbọ́mọgbọ́mọ máa ń fẹ́ràn. Wọ́n a máa mú ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó bá ọjà wá, wọ́n a sì tà á sí ìsàlẹ̀ lọ́nà etí òkun. Nítorí èyí ni Aláàfin Abíọ́dún fi ránṣẹ́ pé kí a fòpin sí i, Baálẹ̀ Àpòmù sì ń ṣọ́ ọjà náà gẹ́gẹ́ bí a ti pa á láṣẹ.

Ní àkókò náà Aólẹ̀ kò tíì jọba. Oníṣòwò ni, ó sì ń ná ọjà Àpòmù. Ní ọjọ́ kan ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ó sì tà á bí ẹrú. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba ọ̀rẹ́ náà padà, Baálẹ̀ sì ní kí wọ́n na ọmọ ọba náà ní pàṣán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò di Aláàfin ṣe gbé àpá pàṣán kúrò lọ́jà, nítorí pé ó ta ènìyàn bí ara rẹ̀.

Ó jẹ́ àṣà pé bí Aláàfin tuntun bá fẹ́ rán ogun rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, a ó bi í léèrè ta ni ọ̀tá rẹ̀. Aólẹ̀ kọ́kọ́ wí pé òun kò ní ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n tẹnu mọ́ ọn, ó dárúkọ Baálẹ̀ Àpòmù. Ọ̀rọ̀ náà le fún gbogbo ìlú. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà, Ifẹ̀ sì ni orírun àwọn ọba. Aláàfin ti múlẹ̀ pé òun kò ní gbé ogun lọ síbẹ̀. Baálẹ̀ náà sá tọ Ọọ̀ni lọ, nígbà tí ó sì rí i pé nítorí òun ni wàhálà yóò ṣe dé bá Ifẹ̀, ó pa ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gé orí òun lọ fún ọba láti fi tù ú nínú.

Ẹni tí ó mú òfin ṣẹ ni ó kú, ẹni tí ó rú u ni a ń tù nínú. N kò mọ ibòmíràn tí ìtàn ilẹ̀ wa gbé fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Igbá Dé, Àwo Fọ́

Nígbà tí Àpòmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọba yíjú sí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ń gbé ní Ìlọrin. Òfin Kakaǹfò le: bí ó bá jáde ogun, kí ó ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a gbé òkú rẹ̀ wálé. Ọba àti àwọn tí ó fọ̀ràn lọ̀ sì rán ogun lọ sí Ìwéré, ìlú tí ó wà níbi gíga tí odi rẹ̀ sì le, kí Àfọ̀njá baà lè ṣubú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ète náà ti tú sí Àfọ̀njá lọ́wọ́. Nígbà tí ogun dé ẹsẹ̀ Ìwéré, ó àti àwọn ìjòyè ogun yí ojú padà, wọ́n pa àwọn ènìyàn ọba tí ó wà láàárín wọn, wọ́n sì darí sí Ọ̀yọ́.

Wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀yìn odi ìlú. Ọba fi ìkíni ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dá padà fún un ni igbá òfìfo tí a fi ọmọrí dé. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ ìtumọ̀ irú igbá bẹ́ẹ̀. Ìlú ti kọ ọba. Ó di dandan kí ó lọ.

Kí Aólẹ̀ tó mu májèlé, ó jáde sí àgbàlá ààfin pẹ̀lú àwo amọ̀ kan àti ọfà mẹ́ta lọ́wọ́. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn. Ó gé wọn ní èpè nítorí ọ̀tẹ̀ àti àìgbọràn wọn: pé kí àwọn ọmọ wọn náà má gbọ́ tiwọn, pé bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́, kí ó má padà wá jíṣẹ́, pé gbogbo ibi tí òun ta ọfà sí ni a ó kó wọn lẹ́rú lọ, títí dé òkun àti ẹ̀yìn òkun, pé ẹrú yóò jọba lé wọn lórí, àwọn olówó ẹrú yóò sì di ẹrú. Lẹ́yìn èyí ni ó gbé àwo náà sókè tí ó là á mọ́lẹ̀, tí ó wí pé igbá tí ó fọ́ ni ènìyàn lè rán, a kì í rán àwo, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun kò ní ṣeé yí padà. Ó wọlé, ó sì kú.

Kí Ni Ó Dé Tí Ó Fi Jẹ́ Àwo?

Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ nípa èdè dúró díẹ̀ níbí yìí. Igbá là, ṣùgbọ́n kì í kú. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a fi irin lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tí ó ti là, a fi okùn rán an, igbá a sì tún di ohun tí a lè fi bu ọkà àti èlùbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí nílẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, àwọn kan sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí iná ti sun kò gba abẹ́rẹ́. Bí àwo bá ti fọ́, àpáàdì ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dọ́gba. Àwọn ìjòyè fi igbá ránṣẹ́ sí ọba, ọba fi àwo dá wọn lóhùn. Bí ẹni wí pé ohun tí ẹ̀yin fi sọ̀rọ̀ ṣì ṣeé rán, ohun tí èmi fi sọ̀rọ̀ kò ṣeé rán mọ́. Ọfà pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti kúrò lójú ọrun, ẹni tí ó ta á kò lè pè é padà. Àwọn àgbà sì ń wí pé ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Àwo, ọfà àti ohùn: ohun mẹ́ta tí kì í padà ni ọba kó jọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé àwo náà kì í ṣe àwo lásán, pé awo ni. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, kò sì sí ohun tí ó wà nínú ìtàn náà tí ó sọ pé a fi oògùn sí i. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni òwe, ọba sì ni ó pa á. Ní ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ọba ti jẹ́ àṣẹ, èyí tó ẹ̀rù.

Bí a bá wo ilé ayé káàkiri, a ó rí i pé àwọn ènìyàn mìíràn náà ní ìtàn ohun ìjà tàbí ohun èlò ọba tí ó fọ́. Àwọn ará àríwá Yúróòpù ń sọ ti idà Gram tí ó ṣẹ́ lójú ogun, tí a sì tún un rọ fún ọmọ akọni tí ó ni ín. Ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, akọ òkúta tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ti ṣubú rí, a sì tún gbé e nàró. Nínú irú ìtàn wọ̀nyí, ìrètí àtúnṣe wà nínú ohun tí ó fọ́. Ti Aólẹ̀ yàtọ̀ ní ti pé nítorí kí ó má baà ṣeé tún ṣe ni ó ṣe fọ́ ọ.

Ǹjẹ́ Àwo Náà Ni Ó Fọ́ Ọ̀yọ́?

Kò sí àní-àní pé Ọ̀yọ́ wó lẹ́yìn ikú Aólẹ̀. Ọba méjì tí ó tẹ̀ lé e, Adébọ̀ àti Máku, kò pẹ́ rárá lórí ìtẹ́, ìtẹ́ sì ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Àfọ̀njá kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ní nǹkan bí 1817, ó ké sí àlùfáà Fúlàní tí a ń pè ní Álímì, wọ́n sì ké sí àwọn ẹrú tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n wá gba òmìnira ní Ìlọrin. Wọ́n wá lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n di ọmọ ogun rẹ̀, nígbà tí ó sì fẹ́ kó wọn níjàánu, wọ́n yíjú sí òun fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1824 ni wọ́n pa á. Johnson kọ ọ́ pé ọfà tí wọ́n ta lù ú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi lè balẹ̀; orí ọfà ni ó dúró lé. Ó ṣòro kí ènìyàn gbọ́ èyí kí ó má rántí ọfà mẹ́ta Aólẹ̀.

Tóyèjẹ, Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó di Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá. Òun ni ó ṣáájú ogun lọ bá Ìlọrin jà ní Ògèlé, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ tú. Ògbómọ̀ṣọ́ kò tú, ó sì di ibi ìsádi fún àwọn tí ìlú tiwọn ti parun. Ọ̀pọ̀ agboolé tí ó wà níbẹ̀ lónìí ṣì ń dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣí wá. Ní nǹkan bí 1836 ni Aláàfin Olúewu kú nínú ogun Ẹléduwẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé sì di ahoro. Àtìbà ni ó tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó.

Bí a bá kà á báyìí, bí ẹni pé àwo kan fọ́, ìjọba sì tẹ̀ lé e ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún ka ọdún náà sẹ́yìn. Ní 1783, nígbà tí Abíọ́dún ṣì wà lórí ìtẹ́, àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Àwọn Ẹ̀gbá, tí Lísàbí ṣáájú wọn, ti já àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn. Ní nǹkan bí 1790, àwọn Tápà pẹ̀lú ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, òwò ẹrú ń gba Àjàṣẹ́ lọ sí etí òkun, ọlá ààfin fúnra rẹ̀ sì ń ti inú òwò náà wá. Gáà ti fi han àwọn ìjòyè pé a lè yọ ọba. Àṣàmú ti fi hàn pé a lè pàṣẹ kí ó má ṣẹ. Gbogbo èyí ṣáájú ọjọ́ tí Aólẹ̀ gbé àwo sókè.

Nítorí náà, èmi gbà pé Ọ̀yọ́ ti sán kí àwo náà tó fọ́. Ìró tí a gbọ́ ní àgbàlá ààfin ni ìró ohun tí ó ti là tipẹ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Aólẹ̀ kí Johnson tó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ní àkókò náà, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé a ti kó àwọn ọmọ Yorùbá kọjá òkun, àti pé àwọn ẹrú àti àlejò ti di alágbára ní Ìlọrin. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà mọ òpin rẹ̀. Ó sì jẹ́ ìṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu pé kí òpin máa kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní ohun tí yóò sọ. Èyí kò sọ ìtàn náà di irọ́. Ó fi hàn wá bí àwọn baba wa ṣe ń wá ìdí ohun tí ó dé bá wọn.

Ibi Tí Ọfà Mẹ́ta Náà Balẹ̀

Bí a bá sì tẹ̀ lé ọfà náà, ibi tí ó jìnnà ni wọn yóò mú wa dé. Ní Brazil, wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Nagô. Ní Kúbà, Lucumí. Ní Sàró, Akú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nagô dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní ìlú Salvador ní Bahia. Bóyá ọmọ àwọn tí ó yí Ọ̀yọ́ ká wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá.

Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ìlà-oòrùn ni ọba kò ta ọfà sí. Ǹjẹ́ wọ́n bọ́ ní Ìjẹ̀ṣà àti ní Èkìtì? Rárá o. Ogun Ìbàdàn kó wọn lẹ́rú títí wọ́n fi kó ara wọn jọ tí wọ́n sì ja ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893. Ọ̀nà ọjà ni òwò ẹrú ń tọ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ ọfà. Níbi tí olùrà bá wà, tí olùtà sì wà, níbẹ̀ ni ó ń gbà.

Èyí ni ó dá wa padà sí Àpòmù. Ta ni ó gé àwọn ènìyàn wa ní èpè pé kí a tà wọ́n sí òkò òkun? Ẹni tí ó ti ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lọ́jà ni. Àwọn arọ́kin lè fi ìyẹn pamọ́ nítorí ọlá ọba, wọn kò sì fi pamọ́. Wọ́n fi àpá pàṣán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí gbogbo ayé lè máa rí i. Mo gbà pé níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ìtàn náà wà. Òwò tí a ń dá lẹ́bi lórí èpè ti wà lọ́wọ́ elépè kí ó tó ṣẹ́ èpè. Ẹni tí ó bá mú ìdajì ìtàn náà, tí ó ń sọ ti àwo tí kò sì sọ ti Àpòmù, kò tíì sọ ìtàn Aólẹ̀.

Àwọn Tí Ó Padà Wá Jíṣẹ́

Ó ku ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé yí padà lóòótọ́?

Ọ̀kan nínú èpè náà ni pé ọmọ tí a bá rán kò ní padà wá jíṣẹ́. Ní 1821, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró ní 1822. Ní 1843 ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní 1846 ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Samuel Àjàyí Crowther ni. Èdè tí àwa ń kọ́ ní yunifásítì, tí a sì ń fi kọ ìwé yìí, ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ padà bọ̀ ni ó kọ́kọ́ di kíkọ sílẹ̀ dáadáa.

Johnson pàápàá ńkọ́? Ní Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i ní 1846, nínú ìdílé àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì tú sílẹ̀, baba rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ó padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ọmọdé. Nígbà tí ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́, tí Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé ìwé tọ Gómìnà lọ ní Èkó láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá wọn parí ìjà, Johnson ni ó rán. Ó lọ, ó sì bọ̀. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín àgọ́ ogun méjèèjì. Ẹ gbọ́ o: Aláàfin kan ṣépè pé ọmọ tí a bá rán kò ní padà wá jíṣẹ́, Aláàfin mìíràn rán ọmọ tí ó ti ẹ̀yìn òkun bọ̀, ọmọ náà sì jíṣẹ́.

Ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tẹ̀, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ní 1921, ìwé náà jáde. Inú ìwé náà, tí ó sọnù tí a tún rí, tí ó tú tí a tún so, ni a ti ń kà pé ohun tí ó bá fọ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́.

N kò sọ pé èpè kò jẹ́ nǹkan. N kò sì sọ pé ohun tí Ọ̀yọ́-Ilé pàdánù ti padà bọ̀. Ahoro ni Ọ̀yọ́-Ilé títí di òní, àwọn tí ó kú nínú ọkọ̀ kò sì padà. Àwo náà fọ́, ó fọ́ tán. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í ṣe àwo. Bí a bá gé wọn, igbá ni wọ́n jọ: ó gba sùúrù, ó gba okùn, ojú rírán kò sì ní pa rẹ́, síbẹ̀ a ó tún fi í bu nǹkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹnìkan bá tún mi orí nínú ìpàdé tí ó sì wí pé èpè Aólẹ̀ ni ó ń jà wá, ẹ má ṣe bú u, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè pé, nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí, ta ni ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ta ni ó pàṣẹ tí a kò gbọ́, kí sì ni ó fà á tí a kò fi gbọ́? Ẹ jẹ́ kí a wá ẹni náà rí kí a tó di ẹrù rẹ̀ ru òkú ọba. Kí àwa tí a rán wá sí ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí sì rántí pé iṣẹ́ ni a rán wa, kí a lè padà lọ jẹ́ ẹ.